Ọjà Ni A Ti Ń Pinnu Oúnjẹ Òru

Bí sẹ̀mẹ́sítà tuntun bá ti kù dẹ̀dẹ̀, èrò a máa pọ̀ sí i ní Cow Lane àti àwọn òpópónà tó yí i ká láàárín ìgboro Accra. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí yunifásítì àti àwọn òbí tó sìn wọ́n wá á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, láti Makola títí dé Okaishie. Wọ́n á ra gàárì, ṣúgà, mílíìkì oníyẹ̀fun, Milo, bísíkíìtì, sàdíìnì àti páálí Indomie. Wọn kò ní gbàgbé shito, ata dúdú olóróró tí kì í tètè bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wá kàwé ní Ghana kò ní rí ohun àjèjì púpọ̀ nínú ẹrù náà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń dì fún ọmọ nílé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú ìlera akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ bá àwọn òbí wọ̀nyí sọ kò gùn. Nígbà tí ọmọ bá ń kàwé ní agogo méjìlá òru, tí ebi bá dé, ohun tó bá wà nínú yàrá ni yóò jẹ. Kò ní wọ trotro, ọkọ̀ èrò Ghana, lọ wá ẹ̀fọ́ lóru. Ọjọ́ tí wọ́n lọ sọ́jà ni wọ́n ti yan oúnjẹ òru náà, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí á máa pe akẹ́kọ̀ọ́ tó sanra ní alájẹkì. Nílé, ẹlòmíràn ló ń gbé ètò oúnjẹ kalẹ̀. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ló mọ ìgbà tí wọn yóò dáná, òun ló ń bu ọbẹ̀, òun ló sì ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, kí kálukú lọ sùn. Bí ọmọ bá dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, gbogbo ètò yẹn wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ti ń tún un kọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà tàbí méje ló wà lórí ìwé tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n oúnjẹ, oorun àti ìrìn kò sí níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní á fi pọ́ùn 15 sanra, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 7. Ìwé ìròyìn àwọn ọmọge kan tó ń jẹ́ Seventeen wà lára àwọn tó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ ní 1989. Ẹ̀rù tó ń bani ju òtítọ́ lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Oxford kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2015, ohun tí wọ́n rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń fi nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.4 wúwo sí i. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú márùn-ún ló sanra, àwọn wọ̀nyí sì fi kìlógíráàmù mẹ́ta lé díẹ̀ lé e. Àwọn yòókù dúró sí ojú kan tàbí kí wọ́n fọn díẹ̀.

Kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ sunkún. Ewu rẹ̀ ni pé kì í sábà padà lọ. Ẹni tó gbà á ní ọdún kìíní lè gba òmíràn ní ọdún kejì, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ wọ ibi iṣẹ́, níbi tí ìjókòó ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ìjọba Ghana lórí ìlera ìdílé fi hàn pé ní 2008, obìnrin 30 nínú 100 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 ni ìwọ̀n ara wọn ti ju ohun tó yẹ lọ. Nígbà tó fi di 2014, wọ́n ti di 40. Inú àwọn ọdún tí ọ̀dọ́ ń kúrò nílé òbí ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì lè tẹ̀ lé e bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kìlógíráàmù kan ọ̀rá ara jẹ́ nǹkan bíi kálórì 7,700. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jẹ kálórì 100 ju ohun tí ara rẹ̀ ń lò lọ lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 15, yóò ti kó 10,500 jọ. Ara kì í tẹ̀ lé ìṣirò bẹ́ẹ̀ géérégé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí á rí bí ohun náà ti kéré tó. Ṣíbí ìjẹun kan òróró ju kálórì 100 lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣíbí shito kan kún oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní rò pé òun jẹ ohun kan lé e.

Iṣẹ́ ara ni apá kejì ìṣirò náà, Cow Lane sì jẹ́ ibi tó dára láti rò ó. Ní apá ìgboro yìí, tí Zongo Lane náà wà, ni àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò láti Òkè Ọya àti ilẹ̀ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ ní Accra ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn wọn, àwọn ìyá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnìṣà àti Ṣakí kún àwọn ọjà Ghana, títí ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fi kéde ní 18 November 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn jẹ gàárì, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n sì jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà. Ẹrù orí ni wọ́n fi ń ṣòwò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ láti ọjà dé ọjà. Ọmọ-ọmọ wọn tó padà wá kàwé ní Accra lónìí ń jẹ oúnjẹ kan náà nídìí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà lójú ọjà títí di òní. Àwọn ọmọbìnrin tó ti àríwá Ghana wá, tí wọ́n ń pè ní kayayei, ń fi agbada irin gbé ẹrù oníbàárà kiri Makola láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀wà, gàárì, epo pupa àti dòdò, tí wọ́n ń pè ní gobe, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ, kò sì rọrùn kí ó ṣẹ́kù di ọ̀rá lára ẹni tó ń ru ẹrù yíká ọjọ́. Iṣẹ́ ìnira ni, kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ abọ́ gobe kan náà lọ́sàn-án, tó wá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, yóò rí i pé oúnjẹ náà kò bá irú ọjọ́ tirẹ̀ mu.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á yẹ̀ wò ni ohun mímu, nítorí kò sí ẹni tó ń kà á mọ́ oúnjẹ. Oòrùn Accra kò ṣe é fojú di, igò tútù sì wà ní gbogbo ìkòríta. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọn kò dín ṣúgà rẹ̀ kù ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100. Igò ìdajì lítà kan, gíráàmù 50 nìyẹn, ó tó ṣíbí tíì 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún nǹkan má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ lọ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 50 náà ni, ó sì sàn jù bí kò bá ju 25 lọ. Igò kan ṣoṣo ti gba gbogbo ti ọjọ́ náà tán, kò tíì kan ṣúgà inú Milo àárọ̀. Ìjọba Nàìjíríà fi náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ nínú òfin owó ti 2021, Ghana náà sì fi owó orí lé ohun mímu aládùn ní 2023. Owó orí lè dín ìfẹ́ rírà kù, ṣùgbọ́n kò lè fi omi sínú fíríìjì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ra àpò omi inú ọ̀rá sílé, tó sì ń se sobolo, tí a ń pè ní zobo nílé, fúnra rẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ láì da ṣúgà sí i, ti ṣe èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà.

Gàárì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń mu gàárì láàárín oúnjẹ méjì bí ìpápánu lásán. Gíráàmù 100 gàárì gbígbẹ, tí kò kún ife ńlá, ní nǹkan bíi kálórì 350. Bí wọ́n bá da ṣúgà, mílíìkì àti ẹ̀pà sí i, ó ti di oúnjẹ odindi. Gàárì kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ebi, kò sì sí ìdí tí yóò fi dáwọ́ dúró. Kí wọ́n kàn kà á mọ́ oúnjẹ ni. Kí ẹ̀pà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí gàárì fúnra rẹ̀ kò ní purotéènì tó ṣe é sọ, kí ṣúgà sì kéré, tàbí kí ó má sí rárá. Ẹja díndín tàbí àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò mú kí ebi pẹ́ kó tó padà dé.

Waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè di pupa, dára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò lọ. Ẹ̀wà inú rẹ̀ ní purotéènì, ó sì ní fáíbà tó ń jẹ́ kí ikùn pẹ́ kún. Ohun tí wọ́n ń tò lé e lórí ni ìṣòro: gàárì, spaghetti tí wọ́n ń pè ní talia, ọbẹ̀ olóróró, shito, ẹyin, pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń pè ní wele, àti dòdò. Sítáàṣì mẹ́rin ti wọ inú ewé kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìyá oníwaakye ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù: ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ tútù, kí ó wá fi waakye tẹ̀ lé e, kí ó sì fi talia àti gàárì sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bù ú tán, àánú ìyá náà ni yóò gbé lọ sílé. Bákan náà ni kẹ́ńkẹ́, àgbàdo kíkan tí wọ́n fi ewé dì sè: kẹ́ńkẹ́ kan, ata tútù tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà, àti ẹja yíyan, ọjọ́ ti ṣe dáadáa. Bí ẹja náà bá jẹ́ díndín, tí kẹ́ńkẹ́ sì di méjì pẹ̀lú shito, ìtàn ti yí.

Òru wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago mú ọ̀dọ́mọkùnrin 12, wọ́n jẹ́ kí wọ́n sun wákàtí mẹ́rin péré fún òru méjì. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé ikùn ti kún lọ sílẹ̀ ní ìdá 18 nínú 100, èyí tó ń pe ebi lọ sókè ní 28, ebi fúnra rẹ̀ sì pọ̀ sí i ní 24. Ohun dídùn, ohun oníyọ̀ àti sítáàṣì ni wọ́n ń fẹ́ jù. Kí á wá ro akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ fún irú oúnjẹ tó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn gan-an.

Páálí yẹn ní ewu tirẹ̀. Ní 2019, Kevin Hall àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà mú èèyàn 20 gbé sílé ìwòsàn. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ilé iṣẹ́ inú ọ̀rá àti páálí fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n sè láti ìpìlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Wọ́n mú kí ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti fáíbà inú oríṣi méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ bó ti wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bíi kálórì 500 lé e lójoojúmọ́, wọ́n sì fi kìlógíráàmù 0.9 wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí yóò jẹ Indomie lóru, kí ó lo ìdajì iyẹ̀ adùn inú ọ̀rá kékeré náà, kí ó fọ́ ẹyin méjì sí i, kí ó sì já kontomire, ewé kókò, tàbí kábééjì lé e. Ó sàn gan-an ju kí ó jẹ ẹyọ méjì lásán lọ.

Owó kò sì ṣe é fi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní December 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana gun orí ìdá 54 nínú 100 láàárín ọdún kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà dín ẹja àti èso kù, ó sì fi gàárì àti Indomie dí i. Òmíràn kò ní jẹun láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kí owó má bàa tán, yóò wá jẹ gbogbo ebi ọjọ́ náà lálẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sanra kí ebi sì máa pa á. Kí á tó bá a wí, ó yẹ kí á mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò ní owó lórí. Accra Technical University kò jìnnà sí Cow Lane. Láti ọdún 1949 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà, ó di polytechnic ní 1963, ó sì di yunifásítì ní 2016. Inú ìgboro ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé, trotro ni wọ́n ń wọ̀, wákàtí ńlá ni wọ́n sì ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú, tó sì fi ẹsẹ̀ parí rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, lè rí ìrìn ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́. WHO ní ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ ni ó kéré jù fún àgbàlagbà. Ọjọ́ márùn-ún ẹ̀kọ́ ti parí rẹ̀. Ní Legon, níbi tí University of Ghana, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wà, ọ̀nà láti àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ dé Commonwealth Hall lórí òkè ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún níbi ìdárayá, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá lọ.

Ohun kan wà ní àdúgbò ọjà yìí tó yẹ kí á fi ohùn rara kìlọ̀ nípa rẹ̀. Okaishie ni ojúkò títa oògùn ní Accra, oògùn tó ń gba ẹ̀mí là wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjà Accra, bíi ti Lagos, àwọn kan ń ta oògùn ìsanra fún ọmọbìnrin tó fẹ́ kí ìdí òun tóbi, àwọn mìíràn sì ń ta tíì ìfọnra fún ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìsanra ni cyproheptadine wà, oògùn ara yíyún tó ń fa oorun tó sì ń pe ebi. Nínú òmíràn ni dexamethasone wà, èyí tó lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, tó sì ń sọ egungun di aláìlágbára bí wọ́n bá lò ó pẹ́. Tíì ìfọnra sábà máa ń ní senna nínú, oògùn tó ń mú kí èèyàn yàgbẹ́ gbuuru. Omi ló ń lé jáde, ọ̀rá dúró síbi tó wà. Ọmọbìnrin tó ń ṣiyèméjì lórí ara rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nínú yàrá, ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀ ló nílò. Kí òbí àti ọ̀rẹ́ dáwọ́ ìkíni nípa ara dúró, yálà “o ti rù” tàbí “o ń jayé.”

Kí wá ni ó yẹ kó wà nínú àpò bí wọ́n bá ń kúrò ní Makola? Ẹ̀wà, kí ó tó ìdajì gàárì. Ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀. Sàdíìnì àti ẹja gbígbẹ. Ẹyin láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nítòsí họ́sítẹ́ẹ̀lì, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àlùbọ́sà, tòmátì, ikàn àti ata, ìwọ̀nba tí yóò tó ọjọ́ mẹ́rin. Ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dípò páálí bísíkíìtì kejì. Shito nínú ìgò kékeré. Kí ṣúgà má sí nínú ẹrù náà rárá, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ máa rìn lọ rà á. Àwọn mẹ́rin tó bá pa owó pọ̀ lè se ìkòkò ẹ̀wà ńlá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́rú. Kì í wọ́n ju Indomie ọ̀sẹ̀ lọ bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ó sì ń dá aago oúnjẹ padà sí ilé tí kò ní ìyá.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Ghana ni wọ́n ti ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera kó tó parí ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n á wọn ìwúwo rẹ̀, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì jáde láì mọ ohun tí wọ́n kọ. Kí ó béèrè nọ́ńbà méjèèjì, kí ó kọ wọ́n sórí fóònù, kí ó sì fi okùn wọn ìbàdí rẹ̀ kún un. Ní òpin sẹ̀mẹ́sítà, kí ó padà sí kílíníìkì náà. Bí ìwúwo rẹ̀ bá ti fi ju kìlógíráàmù méjì lọ sókè, kí ó kọ́kọ́ wo ohun mímu, lẹ́yìn náà oúnjẹ tó ń jẹ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn náà wákàtí tó fi ń sùn. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dé 140 lórí 90, kí nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, dókítà ni kí ó rí, kì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó tínrín.